Kí-ló-fà-á àti Yàrá Ẹrù Ìgbàgbé

Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Kí-ló-fà-á. Ọmọdé tí kò tíì lè de okùn bàtà ara rẹ̀ ni nígbà náà. Àlejò kan wá sílé wọn, wọ́n fi oúnjẹ lọ̀ ọ́, ó ní òun ti yó. Ni ọmọ náà bá jókòó tì í, ó wo ojú rẹ̀ títí, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló fà á tí ojú yín ò kúrò lára abọ́ nígbà tí ẹ ti yó?” Wọ́n bá a wí díẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín púpọ̀, orúkọ náà sì mú un bí àtè ṣe ń mú ẹyẹ.

Nígbà tó dàgbà, tó kàwé, tó di ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, orúkọ náà tẹ̀ lé e dé ẹnu iṣẹ́. Òun ló kọ ètò tó ń gbé àkókò ọkọ̀ sójú pátákó ní àwọn ibùdókọ̀. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í yìn ni. Bí pátákó bá tọ̀nà, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ènìyàn ló wà nídìí rẹ̀. Bó bá ṣì, òun ni wọ́n ń wá kiri. Yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ kò gbà ju àga mẹ́ta lọ, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ojú irin, bí ọkọ̀ ẹlẹ́rù bá sì ń kọjá, tíì inú ife rẹ̀ á máa gbọ̀n.

Gbogbo ohun tó ti kọ láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́, orí nọ́ńbà àti àkókò ló dá lé. Kò ronú rí pé òun máa kọ́ kọ̀ǹpútà láti ka ohun tí ènìyàn ń sọ. Àpò kan tí àbúrò ìyá rẹ̀ gbàgbé sínú ọkọ̀ ló gbé e débẹ̀.

Àbúrò ìyá rẹ̀ yìí, tó máa ń pè ní Bọ̀ọ̀dá láti kékeré, a máa tún ohùn pìánò ṣe. Á lọ sí ilé ìwé, á lọ sí ilé àwọn tó ra pìánò nítorí kí àlejò lè rí i, á ṣí ikùn rẹ̀, á sì máa yí àwọn ìṣó tó di okùn irin inú rẹ̀ mú lọ́kọ̀ọ̀kan títí ohùn á fi jókòó síbi tó yẹ kó jókòó. Gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ ló wà nínú àpò awọ kan: irin tó fi ń yí ìṣó, pẹ́ńsì wẹ́wẹ́, abẹ́rẹ́ gígùn, àti irin ẹlẹ́ka méjì tó máa ń kọrin bí wọ́n bá gbá a mọ́ orúnkún. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló gbẹ́ èèkù àwọn irin náà kí wọ́n lè bá ọwọ́ rẹ̀ mu, kí ọ̀gá náà tó kú.

Ọjọ́ òjò kan ni Bọ̀ọ̀dá gbé àpò náà sókè orí àga nínú ọkọ̀. Agboòrùn ló rántí nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, kò rántí àpò. Láti ìgbà náà, irin àyálò ló ń lò, irin àyálò náà sì ń yọ̀ lórí ìṣó bí ẹni tó tẹ ọṣẹ. Iléèwé orin tó ń fún un níṣẹ́ jù lọ ti sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé bí àwọn pìánò wọn kò bá gún kí sáà tuntun tó wọlé, àwọn á pe ẹlòmíràn.

“Bó bá jẹ́ pé wọ́n jí i ni,” ó sọ fún ìyá Kí-ló-fà-á, “màá gbé ọkàn kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn mi sọ fún mi pé ó wà níbì kan, ó jókòó, ó ń wò mí.”

Kí-ló-fà-á tún lọ sí yàrá ẹrù ìgbàgbé, lẹ́yìn ibùdókọ̀, níbi tí wọ́n ń kó ohun gbogbo tí àwọn èrò bá fi sílẹ̀ sínú ọkọ̀ sí. Obìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ kò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì. Màmá Ẹrù ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é. Ojú fèrèsé kan ló ti ń dá ènìyàn lóhùn, pẹpẹ igi kan sì wà láàárín òun àti ayé.

“Ẹ́ńjìníà, o tún dé. Àpò yẹn náà ni?”

“Àpò yẹn náà ni, mà.”

“Mo ti wo ibi tí a ń to irinṣẹ́ sí láti òkè délẹ̀. Òòlù wà, ayùn wà, ẹnìkan tilẹ̀ gbàgbé àkàbà. Ìwọ tó kàwé, sọ fún mi, báwo lèèyàn ṣe ń gbàgbé àkàbà? Ṣùgbọ́n ti pìánò, kò sí.”

“Ṣé kí n wọlé kí n bá yín wò ó?”

“Wọlé síbo? Ẹni tí ò ní nọ́ńbà ò ní ẹrù. Ìgbà kan tí mo ṣàánú tí mo jẹ́ kí wọ́n wọlé wá wò ó, èèyàn mẹ́ta ló jáde pẹ̀lú kámẹ́rà kan ṣoṣo, kálukú ní òun lòun ni ín. Ọlọ́pàá ló là wọ́n.”

Òfin ibẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ẹrù tó bá wọlé, Màmá Ẹrù á kọ bó ṣe rí sínú kọ̀ǹpútà, á fún un ní nọ́ńbà, á tì í mọ́lé. Ẹni tó bá sọ nǹkan nù á fi fóònù kọ̀wé ránṣẹ́ láti ṣàlàyé ohun tó ń wá. Bí àlàyé méjèèjì bá pàdé, nọ́ńbà jáde, ẹrù jáde. Bí wọn kò bá pàdé, ẹrù á wà níbẹ̀ di ìgbà tí wọ́n bá palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ ìpalẹ̀mọ́ sì ti dé tán, nítorí wọ́n fẹ́ kó yàrá náà lọ sí ilé tuntun: ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ọkọ̀ á wá kó gbogbo ẹrù tó ti ju oṣù mẹ́fà lọ. Ti Bọ̀ọ̀dá ti wọ oṣù keje.

Kí-ló-fà-á padà sí yàrá rẹ̀, ó ń ronú. Àlàyé àwọn tó sọ nǹkan nù wà nínú kọ̀ǹpútà. Àlàyé Màmá Ẹrù wà nínú kọ̀ǹpútà. Kí ló fà á tí kọ̀ǹpútà kò fi lè ka méjèèjì kó sì mú wọn bára wọn? Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní, “Ohun tó bá wù ọ́ ni kó o ṣe, kí pátákó mi má ṣáà ti ṣì.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, á fi ọwọ́ kan mú búrẹ́dì, á fi ọwọ́ kejì ṣí àlàyé àwọn tó ti rin ọ̀nà náà ṣáájú rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ yà á lẹ́nu ni pé ẹ̀rọ kì í kàwé rárá. Ó ti rò pé ọ̀rọ̀ á jẹ́ ọ̀rọ̀ lójú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àmì lásán ni ẹ̀rọ ń rí, tí wọ́n so kọ́ra bí ọkọ̀ ẹlẹ́rù. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ibi báyìí ni ọ̀rọ̀ kan ti parí, ibi báyìí ni òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Màmá Ẹrù, tó jẹ́ ọmọ olùkọ́, a máa fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń kọ̀wé láti orí fóònù kì í fi ẹyọ kan sí i. Lójú ẹ̀rọ, àjèjì pátápátá ni ‘àpò’ àti ‘apo’. Ó ní láti bọ́ aṣọ àmì lára tọ̀tún tòsì kí wọ́n tó dá ara wọn mọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń ṣe é. Ó pẹ́ tí iṣẹ́ ti pa á lẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Ètò àkọ́kọ́ tó kọ rọrùn: mú àlàyé ẹni tó ń wá nǹkan, ka iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ tó sì tún wà nínú àlàyé ẹrù kọ̀ọ̀kan, ẹrù tí ọ̀rọ̀ wọn bá jọra jù lọ, òun ni. Ó gbé ti Bọ̀ọ̀dá sí i. Ẹ̀rọ ní agboòrùn dúdú kan ni. Ó gbé ti obìnrin tó ń wá bàtà ọmọ rẹ̀ sí i. Agboòrùn dúdú. Ó gbé ti ọkùnrin tó sọ eyín àtọwọ́dá nù sí i. Agboòrùn dúdú kan náà.

Ó gbé e lọ han Màmá Ẹrù ní ojú fèrèsé. Màmá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, “Òjò ńlá ń bọ̀ nínú ẹ̀rọ yín o.”

“Kí ló wà lára agboòrùn yìí, mà?”

“Kì í ṣèmi ni mo kọ ti yẹn. Ẹni tó dúró fún mi nígbà tí mo gba ìsinmi ló kọ ọ́. Lẹ́tà ló kọ, kò kọ àlàyé. Kà á, wàá rí i.”

Kí-ló-fà-á kà á: ‘Ẹ jọ̀ọ́, agboòrùn yìí ni mo rí lórí àga nínú ọkọ̀ àárọ̀, ó jọ pé ẹni tó ni ín sáré sọ̀ kalẹ̀ ni, mo sì pè é ṣùgbọ́n kò gbọ́…’ Ó gùn títí dé ìsàlẹ̀. Ó yé e wàyí. Gbogbo ẹni tó sọ nǹkan nù ló ń sọ ‘ẹ jọ̀ọ́’ àti ‘nínú ọkọ̀’ àti ‘mo’. Lẹ́tà gígùn yìí ló ní gbogbo wọn. Ó bi ara rẹ̀ pé, bí gbogbo ará ilé bá ń jẹ́ Ẹ̀gbọ́n, tí ènìyàn pe Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa jẹ́? Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo ayé kò lè tọ́ka sí ẹnì kan. Nítorí náà ó tún ètò náà kọ: ọ̀rọ̀ tó bá wọ́pọ̀, kó fúyẹ́, ọ̀rọ̀ tó bá ṣọ̀wọ́n, kó wúwo, àlàyé tó bá gùn, kí gígùn rẹ̀ má gbè é.

Agboòrùn dúdú lọ jókòó. Ọkùnrin tó ń wá eyín rí eyín rẹ̀. Àwọn mìíràn náà rí ẹrù wọn gbà. Ní ọjọ́ kejì, Màmá Ẹrù gbé àga kan sítòsí fèrèsé fún Ẹ́ńjìníà.

Kí-ló-fà-á gbé ti Bọ̀ọ̀dá sí i lẹ́ẹ̀kejì. Bọ̀ọ̀dá fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù nínú àlàyé rẹ̀ ni ‘pìánò’. Ẹ̀rọ mú nọ́ńbà kan jáde, Màmá Ẹrù wọlé, ó gbé nǹkan náà wá, ó gbé e kalẹ̀ lórí pẹpẹ: pìánò ọmọdé, aláwọ̀ pupa, oníbátìrì.

Bọ̀ọ̀dá wò ó. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, ó dún bí ewúrẹ́. “Ó nílò àtúnṣe lóòótọ́,” ó ní.

Màmá Ẹrù rẹ́rìn-ín títí tó fi di pẹpẹ mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bọ̀ọ̀dá ń lọ, Màmá Ẹrù kò rẹ́rìn-ín mọ́. Bọ̀ọ̀dá ń nu ọwọ́ rẹ̀ lára ṣòkòtò, bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ohun tí yóò ṣe.

Kí-ló-fà-á jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Bó ṣe ń ka àwọn àlàyé síwájú àti sẹ́yìn, ó rí i pé àwọn tó ní ẹrù àti ẹni tó ń tọ́jú ẹrù kì í wo ohun kan náà láti ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ẹni tó ni ín á sọ ohun tó ń fi í ṣe àti ẹni tó rà á fún un. Màmá Ẹrù á sọ àwọ̀ rẹ̀, bó ṣe tóbi tó, àti ibi tó ti ya. Ẹnìkan kọ̀wé pé, ‘Ẹ̀bùn ìgbéyàwó wa ni.’ Màmá Ẹrù kọ pé, ‘Fúláàsì, ìdérí kò sí.’ Bó o bá ka ọ̀rọ̀ wọn títí di ọ̀la, wọn kò ní pàdé.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti pàdé rí. Ọ̀pọ̀ ẹrù ni wọ́n ti dá padà láti ọdún pípẹ́, wọ́n sì tọ́jú àlàyé ẹni tó ni ín àti ti Màmá Ẹrù pọ̀, méjì méjì bí ìbejì. Bí ẹ̀rọ bá ka gbogbo ìbejì wọ̀nyí, ṣé kò ní rí i pé ọ̀rọ̀ báyìí lẹ́nu olóhun máa ń bá ọ̀rọ̀ báyìí lọ́wọ́ Màmá Ẹrù rìn? Ó kọ ètò náà. Inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn ilé tí kò wọ̀ rí. Ẹ̀rọ rí i pé bí olóhun bá sọ ‘ọmọ mi’, Màmá Ẹrù sábà máa ń kọ ‘kékeré’. Bí olóhun bá sọ ‘mi ò lè ríran’, Màmá Ẹrù á kọ ‘awò ojú’. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló wò ó títí tó fi rí i.

Ó tún rí nǹkan kan tí kò jọ ọ̀rọ̀ gidi: bí olóhun bá sọ ‘irinṣẹ́ mi’ tàbí ‘iṣẹ́ ọwọ́ mi’, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ so mọ́ ọn ni ‘dókítà’.

Kí-ló-fà-á kẹ́dùn. Ó ti kà á pé irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ a máa so ohun tí kò jọra pọ̀ nígbà mìíràn, bí ìgbà tí ènìyàn bá lá àlá. Ó yọ ‘dókítà’ kúrò pátápátá, kó má bàa da ìyókù rú. Ó gbé ti Bọ̀ọ̀dá sí i lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀rọ kò mú nǹkan kan jáde. Ọjọ́bọ̀ nìyẹn, ọkọ̀ sì ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, kó lè bá òun fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ fún Bọ̀ọ̀dá.

“O ti gbìyànjú,” ìyá rẹ̀ ní. “Ẹ̀rọ náà ò rí i, àbí?”

“Ó ń sọ ìsọkúsọ, Màmá. Tí wọ́n bá sọ irinṣẹ́, á ní dókítà.”

“Dókítà báwo?”

Ìbéèrè náà ta Kí-ló-fà-á jí. Ó ti yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò láì béèrè ohun tó fà á. Òun! Ó dágbére fún ìyá rẹ̀, ó padà sídìí àwọn ìbejì, ó mú gbogbo èyí tí ‘dókítà’ wà nínú rẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lẹ́yọ lẹ́yọ. Ẹni àkọ́kọ́ tó gba ẹrù rẹ̀ padà, atún-aago-ṣe ni. Màmá Ẹrù ti kọ ọ́ pé, ‘Àpò kékeré, irin dókítà.’ Ẹnìkejì, ẹni tó ń fín orúkọ sára òrùka ni, ‘irin dókítà’. Ẹnìkẹta, ẹni tó ń ṣe èékánná ní ilé ìṣaralóge ni. ‘Irin dókítà, ó mú’. Kò sí dókítà kankan láàárín wọn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó dìde, ó lọ sí ojú fèrèsé Màmá Ẹrù.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, irin dókítà, kí ni?”

“Kí ló tún dé? Irin wẹ́wẹ́ tó ń dán, tí wọ́n to sínú àpò tó ní ilé-ilé, tí kálukú ní àyè tiẹ̀. Ti ta ni bí kò bá ṣe ti dókítà? Ṣé àgbẹ̀ ló ń to irin báyẹn?”

“Ibo lẹ máa ń kó wọn sí?”

“Inú kọ́bọ́ọ̀dù ìṣègùn ni, mo sì máa ń tì í pa. Ohun tó mú ni, mi ò lè fi í sí gbangba. Mo tiẹ̀ ti pe ilé ìwòsàn mẹ́ta, mo ní kí wọ́n wá wò ó, wọ́n ní kò sí tiwọn níbẹ̀.” Ó wo Kí-ló-fà-á. “Háà.”

Kí-ló-fà-á ti ń sáré padà. Ó dá ‘dókítà’ padà sípò rẹ̀, ó gbé àlàyé Bọ̀ọ̀dá sí i. Nọ́ńbà mẹ́ta ló jáde, èyí tó wà lókè ní àlàyé báyìí: ‘Àpò awọ, ó ti gbó, ìdè kan ti já. Irin dókítà eyín. Ọ̀kan nínú wọn rí bí fọ́ọ̀kì, eyín méjì péré ló ní.’

Bọ̀ọ̀dá dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí ọkọ̀ akẹ́rù tó dé. Màmá Ẹrù ti gbé àpò náà sórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ lé e.

“Sọ ohun tó wà nínú ilé tó kángun sí apá òsì.”

“Abẹ́rẹ́ mẹ́ta, mà. Ọ̀kan ti tẹ̀. Èmi ni mo jókòó lé e.”

Màmá Ẹrù ṣí i wò, ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Bọ̀ọ̀dá kò mú irin ìyíṣó, kò mú pẹ́ńsì. Irin ẹlẹ́ka méjì náà ló yọ, ó gbá a mọ́ orúnkún, ó gbé ìdí rẹ̀ lé pẹpẹ, gbogbo igi pẹpẹ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, ohùn kan ṣoṣo, ó mọ́, ó gùn. Màmá Ẹrù fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tó yá ó tún gbé e padà, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí igi náà títí ohùn fi tán.

“Eyín ta ló ń kọrin báyìí?” ó ní jẹ́jẹ́. “Mo mà pè é ní ti dókítà. Ẹ má bínú, sà.”

“Kò sí ìbínú, mà. Ìyàwó mi náà rò pé eyín ni mo ń yọ nígbà tó kọ́kọ́ rí mi. Ìdí nìyẹn tó fi kọ́kọ́ sá fún mi.” Ó ti ń de àpò rẹ̀. Ó ní iléèwé orin ń retí òun, ọkọ̀ òun á gbéra láìpẹ́. Ó fọwọ́ kan èjìká ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kọjá, kò fi àpò náà sí apá; àyà ló gbá a mọ́.

Kí-ló-fà-á kò tíì lọ. Ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Màmá, nọ́ńbà kejì àti ìkẹta ńkọ́?”

“Ohun tó o ń wá ti jáde, o tún ń wá kí ni?”

“Ọkọ̀ ò tíì dé. Ẹ jẹ́ ká ṣí i wò.”

Màmá Ẹrù wò ó, ó tú kọ́kọ́rọ́ kúrò ní ìbàdí, ó sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, èyí tí kò ṣí fún ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ oníkámẹ́rà. Àwọn méjèèjì jókòó sílẹ̀ níwájú kọ́bọ́ọ̀dù ìṣègùn. Inú àpò kejì, irin mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, wọ́n kúrú, èèkù wọn rí roboto bí olú.

“Ti ta lèyí?” Màmá Ẹrù bi í.

“Mi ò mọ̀, mà.”

“Èmi náà ò mọ̀. Kì í ṣe dókítà ṣá.”

Kí-ló-fà-á gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé orúnkún. “Ẹ máa sọ ohun tí ẹ rí, màá máa kọ ọ́.”

Màmá Ẹrù mú irin kan, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó fi sí imú. “Ó ń rùn bí igi,” ó ní. “Igi tútù. Ẹnu rẹ̀ sì tẹ̀ bí èékánná. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”